Ọ̀gá Àgbà Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Dín Fọ́tò Òun Kù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín, àkókò ẹ̀rín ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ojú kan ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ojú tó rẹwà jù láyé, kì í sì í ṣe èyí tó burú jù. Ojú lásán ni, tó ní imú láàárín àti etí lápá méjèèjì bí i ti èmi àti ẹ̀yin. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fi ẹni tó ni ojú náà ṣe Ọ̀gá Àgbà ní ilé-iṣẹ́ omi.

Ilé-iṣẹ́ omi yìí ní ojú ìwé kan lórí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò iṣẹ́ wọn han aráàlú. Obìnrin kan ló wà nídìí rẹ̀, Onífọ́tò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan àti àga méjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sórí àga kejì, orúnkún rẹ̀ á máa kan ilẹ̀kùn.

Bí Onífọ́tò bá ya fọ́tò tán, ohun méjì ló máa ń ṣe sí i. Á kọ́kọ́ gé e: á fa etí rẹ̀ wọlé láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún àti òsì, títí á fi ku ohun tó fẹ́ kí èèyàn rí. Lẹ́yìn náà á wá fún un, bí a ṣe ń fún aṣọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kó lè fúyẹ́. Fọ́tò tó bá wúwo jù kì í tètè ṣí lórí fóònù, ó sì máa ń jẹ dátà ọlọ́dàátà tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i rí.

Ọ̀gá Àgbà dé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n gbé rúlà wá. Ó gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà, ó wọn fọ́tò ara rẹ̀, ó fún ojú pọ̀.

"Páìpù gba ínǹṣì mẹ́rin," ó ní. "Ojú mi gba ínǹṣì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé páìpù ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá níbí ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà!" ni akọ̀wé rẹ̀ dáhùn.

Akọ̀wé yìí, Bẹ́ẹ̀-Gan-an ni oyè tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dá a lọ́lá. Ó ti ń sin ọ̀gá bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níparí, ẹnu Bẹ́ẹ̀-Gan-an á ti ṣí fúnra rẹ̀. Ó lè máa sùn ní ìpàdé. Jẹ́ kí ẹnì kan wúkọ́ lásán, á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!" Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì máa lò ó.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó gbé rúlà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ òwe yẹn, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ yẹn làwọn àgbà ṣe pa á. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? "Láti òní lọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ yọ gbogbo pàǹtí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí aráàlú bá ti rí ojú mi, wọ́n ti rí iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n tún géètì ṣe, ojú Ọ̀gá Àgbà ló jáde lórí ayélujára. Wọ́n gbẹ́ kànga ìjìnlẹ̀, ojú Ọ̀gá Àgbà ni. Wọ́n ra fáànù fún gbọ̀ngàn ìpàdé, ojú yìí kan náà ni, àfi pé ó làágùn díẹ̀ torí fáànù náà ò tíì ṣiṣẹ́. Ojú yẹn kún fọ́tò láti etí dé etí, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ojúkúnfọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan kọ̀wé sábẹ́ ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kànga náà dà?" Bẹ́ẹ̀-Gan-an fèsì pé, "Ó wà lẹ́yìn Ọ̀gá."

Kò tán síbẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ á pé sí gbọ̀ngàn, wọ́n á fi iná ẹ̀rọ ju fọ́tò ọ̀sẹ̀ náà sára ògiri, oníkálukú á dìde sọ ohun tó rí nínú ojú Ọ̀gá Àgbà. Ẹnì kan á ní òun rí ọgbọ́n níwájú orí. Ẹlòmíràn á ní òun rí àánú mẹ̀kúnnù nínú ihò imú òsì. Ọjọ́ tó kan púlọ́ńbà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó dìde, ó wo ògiri títí, ó ní, "Mo rí irorẹ́ kan, sà." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kó ẹrẹ̀ nínú gọ́tà.

Onífọ́tò ò bínú sí gbogbo èyí. Bí wọ́n bá ní kó gé, á gé. Ìgbà tí nǹkan bá há sí Ọ̀gá Àgbà léyín, á bá a pa á rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn wà nílé.

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé lókè pátápátá nínú ilé kan ní òpópónà tí kò gùn. Ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkòríta wọn ti gbẹ láti oṣù mẹ́rìnlá. Onífọ́tò á pọnmi kó tó lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, omi á tán, ìyá á mú garawa, á rìn dé òpópónà kejì, á sì gun àtẹ̀gùn padà sókè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Àtẹ̀gùn náà jẹ́ méjìdínlógójì. Ìyá mọ iye rẹ̀ torí ó máa ń kà á bó ṣe ń gùn ún, á sì sinmi lórí ìkejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ohun tó ń gbé ọkàn wọn ró ni pé orúkọ òpópónà wọn wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de páìpù tuntun. Ìkẹta ni wọ́n.

"Ìkẹta kì í ṣe ìkẹta-lé-lọ́gọ́rùn-ún," ni ìyá máa ń wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Àṣé Ọ̀gá Àgbà náà ń ka tirẹ̀. Ó ti ṣèlérí àkànṣe iṣẹ́ méjìlá fún àwọn tó wà lókè rẹ̀, mọ́kànlá ló sì ti ṣí, bí a bá lè pe ohun tó ṣe ní ṣíṣí. Ìwé dé pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Ó wo ìwé àwọn tó ń dúró de páìpù, ó fi ìka lé òpópónà ìyá Onífọ́tò, torí pé kò jìnnà, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì ní ba bàtà òun jẹ́.

"Sà," ni Bẹ́ẹ̀-Gan-an sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "páìpù ò tíì dé ibẹ̀ o."

"Ṣé páìpù la fẹ́ yà ni?"

"Ojú ni, sà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí o, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òpópónà tí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀rọ omi rẹ̀, tí àwọn alábẹ̀wò sì fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé nìyẹn. Ọdún márùn-ún ló máa ń gbà kí wọ́n tó ṣí ìwé mìíràn. Ìyá Onífọ́tò ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ fi ọdún márùn-ún sọ àtẹ̀gùn méjìdínlógójì di púpọ̀, kí ẹ wò ó.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Lẹ́yìn ògiri tó wà nídìí ẹ̀rọ, púlọ́ńbà wà lórí àkàbà pẹ̀lú dùrọ́ọ̀mù omi kan, ó fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Níwájú ògiri, gbogbo òpópónà ti tò pẹ̀lú garawa. Ìyá Onífọ́tò ló wà níwájú gbogbo wọn, ó ti fọ garawa rẹ̀ mọ́ féfé, ó sì wé gèlè.

"Ẹ̀yin aráàlú mi!" ni Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, òjò rọ̀! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, òjò rọ̀! Ọjọ́ tí mo gbéyàwó..."

"Òjò rọ̀, sà!"

"Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi sunkún. Kí ni ẹkún, ẹ̀yin èèyàn mi? Omi ni! Èmi àti omi, ìbejì ni wá, àfi pé èmi ni mo ní làákàyè!"

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi sọ̀rọ̀. Dùrọ́ọ̀mù náà ń jò nísàlẹ̀. Nígbà tó wá yí ẹ̀rọ, omi jáde lóòótọ́, àwọn èèyàn pariwo ayọ̀. Ọ̀gá Àgbà bu omi, ó bọ́jú. Ó ní Onífọ́tò ò sún mọ́ òun tó, ó tún ojú bọ́. Ó ní òun ò tíì rẹ́rìn-ín dáadáa, ó tún un bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tí ìyá máa fi gbé garawa rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Ó ku ọ̀kan! Yà mí!" ni Ọ̀gá Àgbà pariwo, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Onífọ́tò tẹ kámẹ́rà. Níṣẹ́jú àáyá yẹn, ohun tó wà nínú fọ́tò rèé: Ọ̀gá Àgbà ń rẹ́rìn-ín láàárín. Lókè ògiri, púlọ́ńbà gbé dùrọ́ọ̀mù mọ́yà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bóyá nǹkan á tún jáde. Lápá òsì, ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú garawa òfìfo, ó ń wo ẹnu ẹ̀rọ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú etí ọmọdé.

Ìyá gbé garawa náà gun àtẹ̀gùn padà. Ó ní nínú gbogbo garawa tóun ti gbé láyé òun, èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ yìí ló wúwo jù.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n fẹ́ ṣe Ìwé Àṣeyọrí fún àwọn alábẹ̀wò: ojú ewé méjìlá nínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò kan lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tún gbé sórí ayélujára kí gbogbo ayé lè rí i. Onífọ́tò tò wọ́n síbẹ̀ lódidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ó dé ojú ewé kejìlá. Ó fa etí òkè wálẹ̀, púlọ́ńbà lọ, dùrọ́ọ̀mù lọ. Ó fa etí òsì wọlé díẹ̀díẹ̀. Garawa lọ. Gèlè lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìka ta nìyẹn létí ibẹ̀?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Ìka ẹnì kan ni, sà."

"Gé e."

Ó gé e. Ó wá fẹ́ fún fọ́tò bó ṣe máa ń ṣe, ni kọ̀ǹpútà bá béèrè ìbéèrè rẹ̀ tó máa ń béèrè: *Ṣé kí n dín àwòrán yìí kù?*

"Dín ta kù?" Ọ̀gá Àgbà fò dìde, orúnkún rẹ̀ gba ilẹ̀kùn. "Ta ni ẹ fẹ́ dín kù? Ṣé ohun tí ẹ ti ń fi ojú mi ṣe láti oṣù mẹ́sàn-án nìyí? Abájọ! Abájọ táwọn tó wà lókè ò fi tíì gbé mi ga!"

"Sà, ó kàn ń jẹ́ kó fúyẹ́ ni. Ojú yín ò ní yàtọ̀. Òun náà ló sì ń já ohun tá a gé dànù. Tá ò bá fún un, ohun tá a gé ò lọ síbì kankan o, sà. Ó kàn ṣẹ́ wọ inú ni, bí etí aṣọ tí télọ̀ ṣẹ́ tí kò gé. Ẹni tó bá tú u, á rí i."

"Ohun tí èmi bá ní kí wọ́n gé, ó ti gé!"

"Sà, mo ní ó ṣì wà níbẹ̀."

"Àbí o gbọ́n jù mí lọ ni?"

Kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, òfin tuntun ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn, Bẹ́ẹ̀-Gan-an ló fi lẹ́ta gàdàgbà kọ ọ́: *Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín Ọ̀gá Àgbà kù, fún un, mú un fúyẹ́, tàbí já ohunkóhun dànù lára rẹ̀, ì báà ṣe ní gbangba, ì báà ṣe nínú kọ̀ǹpútà.* Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà gùn ju òfin lọ. Wọ́n ní kí Onífọ́tò náà fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé ojú Ọ̀gá Àgbà ti ọjọ́ ayẹyẹ sórí ayélujára bó ṣe máa ń ṣe.

Nírọ̀lẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí.

"Ará ìsàlẹ̀ fi fóònù rẹ̀ hàn mí," ni ìyá wí. "Mo ní kó wá mi nínú fọ́tò àná, ṣebí èmi ni mo wà níwájú. Ojú ọkùnrin yẹn nìkan la rí. Ìka mi pàápàá ò sí níbẹ̀. Ta ló gé mi kúrò?"

Onífọ́tò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó lè di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ.

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá ò pariwo. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí, èyí tó fi di kámẹ́rà mú.

"Ọwọ́ yẹn náà ni mo máa ń fọ̀ nígbà tó kéré," ó ní. "Omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́, orí mi ni mo fi ń rù ú. Kò burú, ọmọ mi. Bóyá mi ò mọ̀ ọ́n dúró dáadáa ni."

Gbólóhùn yẹn dun Onífọ́tò ju èébú lọ. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún, ó fi ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò bọ́jú.

Láàárọ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó lè bo Ọ̀gá Àgbà láṣìírí. Kó tẹ bọ́tìnnì tó ń dín àwòrán kù lẹ́ẹ̀kan péré ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, bó ṣe máa ń bo ohun tó há sí i léyín. Ìka rẹ̀ tiẹ̀ ti dé orí bọ́tìnnì náà. Ó wá rántí pé òfin ni òfin, òun sì ti fọwọ́ sí i. Ó ká ìka kúrò. Ó gbé Ìwé Àṣeyọrí sórí ayélujára bó ṣe wà, ó wúwo bí ọlọ.

Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta dé. Olórí wọn jẹ́ obìnrin kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó ní òun gbìyànjú láti ṣí Ìwé Àṣeyọrí náà lórí fóònù òun lọ́nà, dátà òun tán níbi irun orí.

"Ọlá ló wúwo, mà!" ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó ní kí wọ́n jù ú sára ògiri.

Ẹ ò rí nǹkan! Fáìlì yẹn ò kánjú rárá. Irun kọ́kọ́ yọ. Ọ̀gá Àgbà kí àwọn àlejò. Iwájú orí yọ. Ó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìpéǹpéjú yọ. Ó pa òwe mẹ́fà. Ìgbà tí imú fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún padà sórí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Bí wọ́n ṣe wo ojú ewé mọ́kọ̀ọ̀kànlá nìyẹn.

"Fọ́tò kan náà ni gbogbo wọn?" ni Alábẹ̀wò béèrè.

"Rárá o, mà! Nínú ìkẹrin, mo ń ronú. Nínú ìkẹfà, mo ti ronú tán."

Wọ́n ṣí ìkejìlá. Alábẹ̀wò súnmọ́ ògiri, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Mi ò rí ẹ̀rọ omi kankan níbí, ọ̀gá. Fọ́tò yìí náà ò sì tóbi tó bí odidi fọ́tò ṣe yẹ kó tóbi. Ṣé wọ́n ti dín in kù ni?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kó sọ. Ara Ọ̀gá Àgbà gbóná, ó nàka sí òfin lára ògiri. "Dín kù? Nínú ọ́fíìsì yìí? Ẹ kà á, mà! Ẹ kà á síta!" Ó já máòsì gbà lọ́wọ́ Onífọ́tò. "Ibo ni wọ́n ti ń mú un tóbi sí i?"

Bẹ́ẹ̀-Gan-an ti ń wá a lójú kọ̀ǹpútà. "Sà, ọ̀kan rèé! Ó ní, *Dá àwòrán padà sí títóbi rẹ̀ ti ìpilẹ̀.*"

"Títóbi mi ti ìpilẹ̀! Òun gan-an!"

"Sà," ni Onífọ́tò wí, "ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa etí aṣọ..."

"Dákẹ́ ńbẹ̀!" Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ dúró sí àárín, etí fọ́tò wá tú síta lọ́tùn-ún lósì, lókè nílẹ̀. Àkàbà yọ. Púlọ́ńbà yọ pẹ̀lú dùrọ́ọ̀mù láyà. Rọ́bà yọ, ó gba orí ògiri wá sẹ́yìn ẹ̀rọ. Gèlè yọ, garawa òfìfo yọ, ojú ìyá tó ń wo ẹnu ẹ̀rọ yọ. Púlọ́ńbà tó jókòó lẹ́yìn rí ara rẹ̀ lára ògiri fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi rèé."

Alábẹ̀wò rìn dé ògiri, ó fi ìka tọ rọ́bà náà láti dùrọ́ọ̀mù dé ẹ̀rọ. "Nígbà náà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níparí, "kò sómi níbẹ̀ rárá."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà!" ni Bẹ́ẹ̀-Gan-an dáhùn.

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín ran gbogbo gbọ̀ngàn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn alábẹ̀wò méjì tó kù. Wọ́n tú àwọn mọ́kànlá yòókù. Kànga ìjìnlẹ̀ ò jìn ju orúnkún lọ. Géètì tí wọ́n ní àwọn tún ṣe, káfíńtà kan ló ń fi ẹ̀yìn gbé e dúró.

"Ta ni ìyá tó ní garawa yìí?" ni Alábẹ̀wò béèrè.

"Ẹni tó kàn ń kọjá lọ ni, mà," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Onífọ́tò mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè lọ lórí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó dìde.

"Kò kọjá lọ síbì kankan, mà. Ìyá mi ni. Òun ló wà níwájú ìlà, kò sì rí omi kan bù. Ọ̀gá Àgbà ló ní kí n gé e kúrò, èmi ni mo gé e."

Alábẹ̀wò wò ó. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè orúkọ òpópónà náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní kí wọ́n wọ bàtà tó dáa, torí ìrìn ń bẹ, àwọn fẹ́ fojú rí méjèèjìlá. Ọ̀gá Àgbà fi bàtà dídán yẹn rìn gbogbo rẹ̀.

Wọn ò lé e lọ sílé. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá mítà lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń tún mítà tó bàjẹ́ ṣe. Ọ̀gá tuntun kì í sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe ṣáá, Bẹ́ẹ̀-Gan-an ò sì rí ọ̀rọ̀ dá lóhùn mọ́. Wọ́n ní fáànù gbọ̀ngàn ló ń dá lóhùn báyìí nígbàkígbà tó bá dún.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, páìpù dé òpópónà ìyá Onífọ́tò.

Oṣù kan tún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Àgbà àná ni, ó di fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga kejì, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Káàdì ìdánimọ̀ tuntun ni," ó ní. "Wọ́n ní ká fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi tèmi ránṣẹ́, wọ́n ń dá a padà." Ó na fóònù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Àwòrán yìí ti tóbi jù. Ẹ dín in kù.*

Onífọ́tò ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kò rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ó gé etí ètè rẹ̀ jẹ. Ó gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó yí máòsì sọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, sà. Mo ti fọwọ́ sí òfin."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹjú mọ́ ara rẹ̀. "Ṣé mo ṣì rí bí mo ṣe rí?"

"Ẹ rí bí ẹ ṣe rí gan-an, sà. Ẹ kàn fúyẹ́ ni."

Ó mí kanlẹ̀. Bó ṣe fẹ́ dìde ló rí fọ́tò ńlá kan lára ògiri. Òpópónà kan kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Omi ń tú jáde nínú ẹ̀rọ, garawa ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìyá kan ki ọwọ́ méjèèjì sínú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kò síbi tí wọ́n gé lára rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò ó títí, ó wá fìka kan igun ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí ẹnì kan tí kò ju èékánná lọ ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó ń de mítà mọ́ páìpù.

"Ṣé èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò gé mi?"

"Mo fẹ́ gé yín," ni Onífọ́tò wí. "Màmá ni wọ́n ní kí n fi yín sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ bó ṣe máa ń rí lára."